Ìwádìí Lórí Ojú Ewé Méjì Tó Kọjú Síra

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí a ṣètò ojú ewé méjì tó kọjú síra nínú magasíìnì fún iṣẹ́ àṣeparí ẹ̀kọ́ wa, kí a sì kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lórí èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe. Mo kó àwòrán irú rẹ̀ jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n olùkọ́ mi ní ìkójọ lásán ni, kì í ṣe ìwádìí. Kí ló kù tí mo lè ṣe?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ yín kò purọ́. Ojú lè sọ fún wa pé nǹkan rẹwà, ṣùgbọ́n rúlà ni yóò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ wá ẹ̀dà mẹ́ta magasíìnì kan ṣoṣo tí a tẹ̀ sórí bébà, nítorí pé ohun tí kò bá yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òfin magasíìnì náà, èyí tó bá sì yí padà ni ìpinnu tí wọ́n ṣe nítorí ìtàn kan pàtó. Magasíìnì mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn yín.

Bí ojú ewé kan bá jẹ́ A4, méjèèjì lápapọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 420, wọ́n sì ga tó 297. Ẹ ka iye òpó, ìyẹn àwọn ìlà ọ̀rọ̀ tó tò lọ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wọn ìbú wọn àti àlàfo etí ìwé, lẹ́yìn náà kí ẹ dúró dáadáa níbi ìṣẹ́po àárín, ibi tí ojú ewé méjèèjì ti pàdé. Magasíìnì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lẹ́yìn kì í ṣí tẹ́jú, nítorí náà ìṣẹ́po yóò gbé díẹ̀ mì nínú ohunkóhun tó bá gba orí rẹ̀ kọjá. Àkọlé lè kọjá níbẹ̀ bí àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì bá bọ́ sórí ìṣẹ́po gan-an, ṣùgbọ́n bí ojú ẹni tó wà nínú fọ́tò bá bọ́ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a máa wá imú rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà kì í fi èyí hàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wá èyí tó wà lórí bébà.

Ẹ wo iṣẹ́ Alexey Brodovitch pẹ̀lú, ẹni tó darí iṣẹ́ ọnà magasíìnì aṣọ ìgbàlódé Harper's Bazaar ní Amẹ́ríkà láti 1934 sí 1958: ojú ewé méjèèjì ló máa ń ṣètò bí ọ̀kan, kì í sì í bẹ̀rù láti fi àyè funfun sílẹ̀.

Ní ti fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ ọ̀rọ̀, ẹ kàn ka iye irú tí wọ́n lò. Ó sábà máa ń kéré. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwádìí yín, ẹ ya àpótí òfìfo dípò ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú ojú ewé méjì kọ̀ọ̀kan tí ẹ wò, kí ẹ kọ ibi tí ojú kọ́kọ́ bà lé àti ibi tó gbà lọ lẹ́yìn náà, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ mú lò nínú tiyín, àti èyí tí ẹ kọ̀ sílẹ̀.