Ìbéèrè Yín: Wi-Fi Tí Yóò Kárí Ọ́fíìsì Kékeré

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan lẹ́bàá òpópónà Fọlágbadé; yàrá mẹ́rin wà nísàlẹ̀, mẹ́rin wà lókè, bulọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Wi-Fi ráútà tí ó wà lọ́dọ̀ akápò nísàlẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ alága lókè. Ẹni tí ó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí a ra ẹ̀rọ ńlá kan tí ó ní eríàlì mẹ́jọ. Akápò ní extender mẹ́ta (ẹ̀rọ kékeré tí ń gba Wi-Fi ráútà, tí ó sì ń tún un fọ́n síwájú) ni kí a rà, nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Èwo ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ilé tuntun. Nínú àbá méjèèjì, kò sí èyí tí n ó bá yín fọwọ́ sí. Access point (ẹ̀rọ tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú wáyà, tí ó sì ń fọ́n Wi-Fi ká) méjì tàbí mẹ́ta tí agbára wọn mọ níwọ̀n, tí ẹ fa wáyà tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ó yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó mú gbohùngbohùn dání nísàlẹ̀ lè mú kí alága gbọ́ òun lókè, ṣùgbọ́n bí alága kò bá ní gbohùngbohùn tirẹ̀, èsì rẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ eléríàlì mẹ́jọ àti fóònù ti rí nìyẹn, òun ló sì fà á tí fóònù fi lè fi hàn pé Wi-Fi wà, síbẹ̀ tí nǹkan kan kò ní ṣí. Ní ti extender, bí rédíò inú rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, òun náà ni yóò máa fi gbọ́ ti ráútà, tí yóò sì tún máa fi dá fóònù lóhùn, nítorí náà nǹkan bí ìdajì eré íntánẹ́ẹ̀tì yín yóò ti dànù sójú ọ̀nà.

Ìgbì méjì ni Wi-Fi sábà máa ń lò. Ìgbì 2.4 GHz ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ, àmọ́ ìkànnì mẹ́ta péré, ìyẹn 1, 6 àti 11, ni kò gorí ara wọn nínú rẹ̀, gbogbo aládùúgbò ni ó sì ń bá yín dù wọ́n ní òpópónà ọlọ́jà. Ìgbì 5 GHz yára, àyè rẹ̀ sì gbòòrò, ṣùgbọ́n ògiri bulọ́ọ̀kù méjì ti tó láti dá a lágara, dẹ́kìn kọnkéré tí irin kún inú rẹ̀ sì tún le ju bulọ́ọ̀kù lọ. Nítorí èyí, ẹ má retí pé ti ìsàlẹ̀ yóò gòkè: ẹ kan ọ̀kan mọ́ àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, ọ̀kan mọ́ ti òkè, kí ẹ sì fi ẹ̀kẹta sí yàrá ìpàdé bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá máa ń kún ibẹ̀. Ojú àjà ni kí ó wà, kì í ṣe òkè àjà lábẹ́ páànù, níbi tí ooru yóò ti pa á. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkànnì tirẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Wi-Fi 6, ìyẹn ìran kẹfà Wi-Fi, sí lára ti tó. N kò rí ìdí tí ẹgbẹ́ yóò fi náwó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ó sì jẹ́ irú èyí tí ń gba iná láti inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan náà, tí wọ́n ń pè ní PoE. Bí ẹ bá ti so ráútà àti swíìṣì PoE (àpótí tí àwọn wáyà náà ti pín jáde, tí ó ń fi iná sínú wọn) mọ́ inverter, NEPA lè mú iná lọ bí ó ti wù wọ́n, Wi-Fi kò ní ṣẹ́jú. Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó sanwó: swíìṣì tí wọ́n kọ 802.3af sí lára ń fún ihò kọ̀ọ̀kan ní wáàtì 15.4, èyí tí wọ́n kọ 802.3at sí ń fún un ní 30, ohun tí access point yín sì béèrè ni kí ẹ rà.

Wáyà gan-an ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣahun sí. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú jẹ́ aluminiọmu tí wọ́n fi bàbà bò. Ó máa ń gbóná bí iná PoE bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í sì í pẹ́ kán. Ẹ ní kí ọlọ́jà bó orí rẹ̀, kí ẹ fi abẹ́ ha okùn kan. Bí funfun bá yọ lábẹ́ àwọ̀ pupa yẹn, ẹ dá a padà fún un. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì Cat6 tí ó jẹ́ bàbà ògidì ni kí ẹ béèrè.

Ẹ ya Wi-Fi àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kọ̀ǹpútà akápò ń lò.

ÌBÉÈRÈ: Ọ́fíìsì wa méjì wà nínú ọgbà kan ní Ṣàgámù, nǹkan bí 40 mítà ló sì wà láàrin wọn. Ṣé a lè ta wáyà íntánẹ́ẹ̀tì oníbàbà lójú afẹ́fẹ́ láti ọ̀kan sí èkejì?

ÌDÁHÙN: Ní ti jíjìn, ó lè dé, nítorí 100 mítà ni òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbà tí ẹ ta láàrin ilé méjì yóò gbé agbára mànàmáná wọ swíìṣì méjèèjì nígbà òjò. Okùn fáíbà (èyí tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì) tí kò ní irin nínú kì í gbé iná, òun ni kí ẹ rì mọ́lẹ̀ nínú páìpù. Bí ìyẹn bá wọ́n jù, ẹ lo rédíò méjì tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì lójú afẹ́fẹ́, tí ó kọjú síra wọn, kí ẹ sì rí i pé igi kò dí wọn lójú, nítorí ewé tí òjò bá rin ń mu ìgbì.