Ṣé ìrìn-àjò afẹ́ ń dín àlàfo olówó àti tálákà kù?

Ìbéèrè yín ni pé, ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, ṣé owó arìnrìn-àjò afẹ́ ń dín àlàfo yìí kù ni àbí ó ń fẹ̀ ẹ́ sí i. Ó lè ṣe méjèèjì. Ọwọ́ ẹni tí owó náà bọ́ sí ló ń pinnu rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí: àlejò lè ti san owó ọkọ̀ òfurufú, yàrá àti oúnjẹ pa pọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan nílùú rẹ̀ kó tó gbéra. Bó bá dé hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun, kí ni yóò tún jáde wá rà lọ́wọ́ ará àdúgbò? Èrè á padà sókè òkun. Owó oṣù ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ṣẹ́ kù, ìyẹn náà sì lè dáwọ́ dúró bí àsìkò àlejò bá kọjá. Ilẹ̀ á wọ́n: onílẹ̀ á rí jẹ, ayálégbé á kó ẹrù.

Àmọ́ iṣẹ́ yìí ń gba àwọn tí kò kàwé púpọ̀, pàápàá àwọn obìnrin. Ní Rùwáńdà, láti 2017, $1,500 ni àlejò láti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ń san kó tó lè wo ìnàkí ńlá (gorilla) nínú igbó; ìdá 10 nínú 100 owó tó ń wọlé láti àwọn igbó ẹranko tí ìjọba ń dáàbò bò ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí wọn ká, fún ilé ìwé, omi àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, irú àdéhùn yìí wúlò ju kéèyàn máa ka orí àlejò lọ.