Òróró rosemary méjì, òórùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé ilẹ̀ ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra òróró rosemary lọ́wọ́ òǹtajà méjì. Orúkọ Látìn kan náà ló wà lára ìgò méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan wá láti Sípéènì, èkejì láti Mòrókò. Òórùn wọn ò jọra rárá. Ṣé ayédèrú ni ọ̀kan nínú wọn ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ ojúlówó. Èròjà olóòórùn inú wọn ló yàtọ̀: cineole ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú ti Mòrókò. Camphor inú ti Sípéènì máa ń ju tirẹ̀ lọ. Verbenone ni wọ́n fi mọ ti Corsica, erékùṣù Faransé kan, ní tiwọn.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ ló fà á, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn, ọ̀dá, òtútù àti bí ilẹ̀ ṣe ga tó lè dín òróró inú ewé kù tàbí kí wọ́n fi kún un, wọ́n sì lè yí ìwọ̀n èròjà rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n èròjà tí yóò jẹ́ olórí nínú rẹ̀, àjogúnbá ni.

Ẹ wo táìmù tó ń lalẹ̀ hù lágbègbè Montpellier, ní gúúsù Faransé. Ẹ̀yà mẹ́fà ni, èròjà olórí inú wọn ló fi wọ́n yàtọ̀, ojú lásán ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú àfonífojì tí òtútù ti máa ń mú gan-an, àwọn tí thymol tàbí carvacrol kì í ṣe olórí èròjà wọn ló pọ̀. Kìlómítà díẹ̀ sí i, níbi tó móoru tó sì gbẹ, àwọn onithymol àti onicarvacrol ló gbalẹ̀, torí òtútù líle máa ń pa wọ́n, àmọ́ wọ́n lè fara da ọ̀dá. Ilẹ̀ ò sọ ọ̀kan di èkejì. Ó kàn ń yan èyí tí yóò yè ni.

Igi camphor tí wọ́n gbìn sí Madagáskà náà ńkọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ravintsara? Cineole ló kún ewé rẹ̀, camphor ibẹ̀ ò tó nǹkan.

Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ orílẹ̀-èdè nìkan ra òróró. Ẹ wò ó bóyá “ct.” (ìyẹn chemotype, ẹ̀yà tí èròjà olórí rẹ̀ fi yàtọ̀) àti orúkọ èròjà kan tẹ̀ lé orúkọ Látìn. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò GC (gas chromatography, àyẹ̀wò tó ń fi ìwọ̀n èròjà kọ̀ọ̀kan hàn) tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ara ìgò yín mu. Ti ọdún tó kọjá ò wúlò, torí àkókò ìkórè pàápàá ń yí ìwọ̀n padà. Ìwé yẹn náà ló lè tú u fó bí wọ́n bá ti fi nǹkan mìíràn lú u.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òórùn lásán. Táìmù onithymol máa ń jó awọ ara, ti linalool rọ̀ jù ú lọ. Rosemary tí camphor rẹ̀ pọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé àti ẹni tó ní wárápá. Ti cineole pàápàá, ẹ má fi í sún mọ́ imú ọmọ kékeré.