Ọmọ mi jẹ́ sójà ní Ìlú Ọba, wọ́n sì fẹ́ tì í mọ́ Colchester. Kí ni yóò bá níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ọdún kẹta rèé tí ọmọ mi ọkùnrin ti ń ṣe iṣẹ́ sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wálé wá sin bàbá rẹ̀, ìnáwó náà fà gùn, ó sì kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá rẹ̀ dá àtìmọ́lé ọjọ́ 60 fún un, wọ́n ní Colchester ni yóò ti ṣe é. Ṣé ẹ̀wọ̀n nìyẹn? Ṣé wọn ò ní lù ú bí a ṣe ń gbọ́ pé wọ́n ń lu sójà ní gáàdìrúùmù níbí? Ṣé mo ṣì lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀fọ̀, Mà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ sì tún kú àníyàn ọmọ. Lọ́yà ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹjọ́ àwọn sójà tó ti ilẹ̀ wa wá sì wà lára iṣẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tí kò lè dúró. Ọjọ́ 14 ni òfin fún un láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọn kò gbọdọ̀ mú un lọ kí ọjọ́ náà tó pé, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bẹ̀rẹ̀ kíá. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ìtìjú, kí ọ̀rọ̀ náà lè tètè tán nílẹ̀. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀ láì tíì rí lọ́yà. Ilé ẹjọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà kò lágbára láti fi kún ìyà tí ọ̀gá rẹ̀ ti dá.

Sí ìbéèrè yín: kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Sójà tí ilé ẹjọ́ ológun bá rán lẹ́wọ̀n gan-an, ẹ̀wọ̀n tí gbogbo ará ìlú ń lọ ni wọ́n ń gbé e lọ níkẹyìn. Àtìmọ́lé ológun ni ti Colchester, ní àgọ́ Berechurch Hall, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ ogun Jámánì tí wọ́n mú lójú ogun pamọ́ sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Òun nìkan ló kù báyìí fún sójà orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfuurufú, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹni tí wọ́n dá ọjọ́ 14 fún wà níbẹ̀, ẹni ọdún 2 náà wà níbẹ̀. Ẹ ò ní bá ọ́fíísà kankan tó ń ṣe irú àtìmọ́lé yìí o. Òfin kò gbà kí wọ́n dá a fún wọn. Èrò tèmi lórí ìyẹn, mo fi sínú.

Ní ti lílù, kì í ṣe pé ẹ̀rù yín kò nídìí. Ní 1943, ní àtìmọ́lé ológun Fort Darland ní Gillingham, sójà kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà kú lọ́wọ́ méjì nínú àwọn ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ dá àwọn méjèèjì lẹ́bi ikú rẹ̀, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ti lọ. Láti 2004 ni àwọn tó ń bẹ ẹ̀wọ̀n wò fún ìjọba, tí wọn kì í ṣe sójà, ti ń wọ Colchester láti fọ̀rọ̀ wá àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́nu wò. Bí ẹnikẹ́ni bá na ọmọ yín, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì lè fẹjọ́ sùn.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ sójà tuntun ti mọ ìdajì ìgbé ayé ibẹ̀. Wọ́n á jí ní kùtùkùtù, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí etí rẹ̀ gún, wọ́n á lọ aṣọ, wọ́n á dán bàtà, wọ́n á nu yàrá tí wọ́n jọ ń sùn, kí ọ̀gá tó wọlé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí eruku bá kù lójú fèrèsé, wọ́n á tún un ṣe. Lẹ́yìn oúnjẹ ó di pàrédì, eré ìdárayá, ẹ̀kọ́ ìbọn, ìtọ́jú ẹni tó fara pa, àti kíláàsì fún ẹni tí ìwé kíkà tàbí ìṣirò ń dà láàmú. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń gùn níbẹ̀: bí ìwà bá ṣe ń dára ni wọ́n ń dẹ okùn sí i. Ohun tí àwọn tó ti ibẹ̀ dé máa ń sọ fún mi ni pé iṣẹ́ kò pa àwọn tó kí èèyàn má lè dá wà, kó sì máa tọrọ àyè lórí gbogbo nǹkan.

Ohun tí ẹ kò bi mí ni mo fẹ́ kí ẹ bi òun: ẹgbẹ́ wo ni wọn yóò fi í sí? Ẹgbẹ́ A ni ti àwọn tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ológun ni wọ́n ń kọ́. Ẹgbẹ́ D ni ti àwọn tí wọ́n ń yọ níṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àti bí wọn yóò ṣe máa gbé láàárín ìlú ni wọ́n ń kọ́ wọn. Fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ìyàtọ̀ yẹn kò ju iṣẹ́ tó bọ́ lọ. Fún ọmọ tiwa, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ló dé yẹn. Sójà tó ti òkèèrè wá kò nílò físà níwọ̀n ìgbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ ni àǹfààní náà parí. Ọdún 4 lẹ́nu iṣẹ́ sì ni wọ́n ń bèèrè kí sójà tó lè gba ìwé ìgbélùú pátápátá nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Tiyín kò tíì pé e. Bí ó bá gbọ́ ẹgbẹ́ D, lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ìgbélùú ni kó wá lọ́jọ́ náà gan-an, kó má dúró di ọjọ́ tí yóò jáde.

Owó oṣù kì í wọlé fún ọjọ́ tí sójà bá lò ní àtìmọ́lé. Bí òun ló ń san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò, ẹ tètè wá ọ̀nà mìíràn. Bí ó bá ní ìyàwó àti ọmọ níbí, kí wọ́n kàn sí SSAFA, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran ẹbí àwọn sójà lọ́wọ́.

Fóònù ọwọ́ rẹ̀ kò ní wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí náà bí WhatsApp rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Fóònù wà nínú ọgbà tó lè fi pè yín, ó lè gba lẹ́tà, àwọn ẹbí tó wà níbí sì lè lọ wò ó bí wọ́n bá ti fi ọjọ́ sí i ṣáájú. Lọ́jọ́ tó bá wọlé, wọ́n á yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ sọ fún un kó má sọ pé kò sí nǹkan kan. Kó sọ fún wọn pé bàbá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, kó sì ní òun fẹ́ rí àlùfáà. Wọ́n ní àlùfáà níbẹ̀, ó sì lè bá a sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó tọ́ ọ̀gá kankan létí.