Ẹ bi ọmọ léèrè kí ẹ tó lọ yáwó

Àbúrò mi, ẹ kú oríire o. Ẹ ní àkọ́bí yín máa gboyè ní yunifásítì níwọ̀n oṣù méjì sí i, pé àwọn ẹbí ọkọ yín ní Agége ti mú aṣọ ẹbí, wọ́n tiẹ̀ ti ń pín ẹni tí yóò jókòó sábẹ́ kánópì wo. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ lọ yá ₦600,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù.

Ẹ má yá a. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó gan-an kọ́ ló gbé mi dìde.

Pírẹ́ńtà ni mí ní Ṣómólú, ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Bí kọnfokéṣọ̀n, ayẹyẹ ìgboyè, bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, a kì í fojú ba oorun ládùúgbò wa: bánà, káàdì ìpè, jọ́tà tí wọ́n tẹ fọ́tò ọmọ sí lẹ́yìn. Ọmọ olọ́mọ ni mo ń tẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí mo ń fi yíǹkì kun orúkọ àti oyè wọn. Ẹ wo bó ṣe máa rí lára mi nígbà tó kan tèmi lọ́dún 2014.

Torí èmi fúnra mi, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ìyá mi ń kiri fùfú ní Bàrígà, àwa márùn-ún ló ń fi bọ́. Nígbà tí Jakande di gómìnà lọ́dún 1979 tó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní Èkó, àbíkẹ́yìn wa jẹ àǹfààní ẹ̀. Èmi ti pé ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn, èékánná mi ti dúdú fún yíǹkì. Àwọn kan máa ń fi yàrá ìkàwé tí Jakande kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jọ ilé adìyẹ. Inú ilé adìyẹ náà ni àbúrò mi ti jáde tó di nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tí àkọ́bí mi wá wọ yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sí ẹni tí n kò sọ fún. Oníbàárà tó wá gbé káàdì ìgbéyàwó, kò ní lọ láìgbọ́ pé ọmọ mi wà ní ọdún kẹta. Bí ọmọ bá wálé fún ìsinmi, kò ní tíì gbé báàgì kalẹ̀ tí n óo ti pè é síwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi: "Akáńtáǹtì wa dé o!" A ó rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó yẹ kó parí, mo yá ₦350,000. Mo tẹ jọ́tà igba. Fọ́tò rẹ̀ nínú gáùn àti fìlà ló wà níwájú, mo wá kọ "B.Sc. Accounting, 2014" sábẹ́ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ń gé wọn, ó jókòó sórí rìmù bébà kan lẹ́yìn ẹ̀rọ, kò bá mi kó nǹkan kan. Láti ọmọ ọdún méje lọmọ yìí ti ń bá mi to bébà o. Ó kàn mú jọ́tà kan, ó ń fi àtàǹpàkò nu yíǹkì lójú fọ́tò ara rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ti tẹ gbogbo ẹ̀ tán?" Mo ní gbogbo ẹ̀ ti jáde. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Bọ́ọ̀sì méjì la kún láti Ṣómólú lọ́jọ́ náà, gbogbo wa nínú aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé. Ẹ mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, wọn kì í pe orúkọ gbogbo èèyàn. Àwọn tó mókè jù àti àwọn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè, inú ìwé ètò lorúkọ àwọn yòókù máa ń wà. Mo gba ìwé náà, mo pọ́n ìka lá, mo ṣí ojú ewé ẹ̀ka tirẹ̀. Mo kà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Orúkọ wa kò sí níbẹ̀.

Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi? Mo ní, "Pírẹ́ńtà tó ṣe iṣẹ́ yìí kò ka púrúùfù ẹ̀ dáadáa." Mo sọ ọ́ sókè kí àwọn tó jókòó tì wá lè gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ń sọ̀rọ̀. Mo tiẹ̀ ń fi ibi tí wọ́n ti fo ìlà han ìyá rẹ̀. Ìgbà tí mo máa yíjú sí ọmọ, bàtà rẹ̀ ló ń wò. Gáùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ oníyàwòrán kan lẹ́nu géètì ló ti háyà rẹ̀.

Kóòsì méjì ló kù fún un láti ọdún kẹta. Ó ti mọ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ṣáájú pé òun kò lè bá wọn jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, a ṣe pátì náà. Kí la fẹ́ ṣe sí i? Àgbò ti kú, alásè ti gbowó, kánópì ti dí títì. Àwọn èèyàn ń náwó fún un lójú agbo, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń jó, wọ́n ní omijé ayọ̀ ni. Èmi kó jọ́tà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní wọn ò tíì gbẹ.

Oṣù méjìdínlógún la fi san gbèsè yẹn. Inú ẹ̀ la wà tí owó ilé-ìwé ọdún àlékún fi dé, kò sì sí. Ìyá rẹ̀ ló ta ẹ̀gbà ọrùn wúrà rẹ̀ ní Balógun kí ọmọ tó lè padà lọ ṣe kóòsì méjì. Ó ṣe é, ó parí lọ́dún 2015. Kò sẹ́ni tó jó. Ó mú ìwé èsì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń gé bébà, àwa méjèèjì sì ń wò ó bí ẹni ń wo owó tó sọnù tí wọ́n rí padà.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó lè bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Dádì, ìgbà mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá dé, ẹ ti ń fi mí han ẹnìkan."

Àbúrò mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀. Ẹ pe ọmọ yẹn, ẹ̀yin àti òun nìkan, kí ẹbí ọkọ kankan má sí níbẹ̀. Ẹ má bi í bí ọlọ́pàá. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé bí ohunkóhun bá ṣẹ́ kù, àárín ẹ̀yin méjèèjì ló máa parí sí, kò ní dé Agége. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè bóyá kárí-ófà kankan wà nílẹ̀, ìyẹn kóòsì tó fìdí rẹmi nínú ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, bóyá èsì kóòsì kankan ti sọnù, torí àwọn olùkọ́ náà máa ń sọ èsì nù. Ẹ bi í bóyá Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ àgbà ilé-ìwé, ti fọwọ́ sí èsì wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Orúkọ tí Sẹ́nétì bá fọwọ́ sí ni ilé-ìwé ń fi ránṣẹ́ sí àjọ àgùnbánirọ̀. Ẹlòmíì á ti lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ kí ilé-ìwé tó ṣe kọnfokéṣọ̀n, ẹlòmíì á wọ gáùn, á ya fọ́tò, kò sì ní rí àgùnbánirọ̀ lọ. Gáùn kọ́ ni ẹ̀rí. Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀: ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó gboyè kò ní lọ, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n máa fún un.

Ọmọbìnrin mi wọ Yunifásítì Èkó ní Akọka lọ́dún 2017, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta 2020, kòrónà kún un, ìparí ọdún ni wọ́n tó wọ́gi lé ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà. Wọ́n tún gbé e dé lọ́jọ́ 14 oṣù kejì 2022, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ọdún mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́fà. Ìdí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù mi ló jókòó sí lásìkò yẹn, ó ń ṣe dísáìnì fún mi, mo sì ń sanwó fún un bí mo ṣe ń san fún àwọn tó kù. Gbogbo èsì rẹ̀, yálà ó dáa tàbí kò dáa, ẹ̀yìn ẹ̀rọ la ti ń kà á. N kò gbé ọ̀kan jáde síta rí. Ẹnu ń yún mi o, n kò ní purọ́.

Lọ́jọ́ tó gboyè, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kúlà méjì àti mọ́ínmọ́ín la sè, kò sí aṣọ ẹbí, owó tó wà nílẹ̀ la ná. A fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé ìyá mi, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí wọ́n dá yunifásítì yẹn sílẹ̀ ní 1962. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá mi fi gbé fùfú kọjá lẹ́nu géètì rẹ̀, kò wọlé rí. Ọmọ bọ́ gáùn, ó wọ̀ ọ́ fún ìyá àgbà. Nígbà tó kan fìlà, ìyá ní òun kò ní tú gèlè òun fún ẹnikẹ́ni. A bá gbé fìlà lé orí gèlè. Kò dúró, ó ń yọ̀ bọ́, ọmọ wá fi ọwọ́ kan dì í mú lẹ́yìn títí wọ́n fi ya fọ́tò náà, ìyá ń fi oríkì pè é, ó ní aṣọ yìí wúwo, ṣé bó ṣe wúwo tó nìyẹn látọjọ́ yìí?

Owó tí à bá fi háyà kánópì ló gbé e lọ sí àgọ́ àgùnbánirọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, òun náà ló fi gba yàrá níbi tí wọ́n gbé e lọ. ₦33,000 ni álàwíì wọn nígbà yẹn, kó tó di ₦77,000. Ẹ ṣírò ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ nínú ẹ̀ fún mi. Ẹ sọ ìyẹn fún ẹbí ọkọ yín. Bí wọn kò bá gbà, ẹ ní ó dáa, kí kálukú mú tiẹ̀ wá ká jọ ṣe é. Ariwo á rọlẹ̀.

N kò ní kí ẹ má yọ̀ o. Ọmọ àkọ́bí mi yẹn ti bímọ, ọmọ náà sì wọ gáùn jáde ní jẹ́lé-ó-sinmi lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ọdún márùn-ún! Mo pariwo lórí owó gáùn yẹn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, mo sì wà ní ìjókòó iwájú lọ́jọ́ náà.

Ní ti jọ́tà igba wọ̀nyẹn, èmi ló ń fi wọ́n kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó, ọmọbìnrin mi sì fi bíi mẹ́fà kọ nóòtì ní Akọka. Àkọ́bí mi ló ní kí n má sun wọ́n. Ó fi bírò pa 2014 rẹ́ lára ọ̀kan, ó kọ 2015 sí i. Orí tábìlì mi ni ìyẹn wà.

Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní. Bí gbogbo ẹ̀ bá ti tọ́, ẹ mú fọ́tò rẹ̀ wá sí Ṣómólú. Púrúùfù ni n óo kọ́kọ́ fún yín kà, ọmọ náà gan-an ni mo sì fẹ́ kó fọwọ́ sí i.