Irin wà ní ìgbáròkó màmá mi: ṣé wọn yóò tú gèlè wọn ní pápákọ̀ òfurufú?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì fún màmá wa kí wọ́n wá kí òun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìkẹjà ni wọn yóò ti wọ bàálù, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń lọ. Màmá ṣubú lọ́dún tó kọjá, dókítà sì fi irin sí ìgbáròkó wọn. Aládùúgbò wa kan níbí ní Tákíè wá sọ fún wọn pé irin náà yóò dún, àti pé wọn yóò bọ́ aṣọ àti gèlè wọn lójú gbogbo èrò. Màmá ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ò lọ mọ́. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bá mi kí Màmá, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa di ẹrù wọn. Àyẹ̀wò èrò ni iṣẹ́ mi. Òótọ́ wà nínú ohun tí aládùúgbò yín sọ, àmọ́ ó bù mọ́ ọn.

Irin yẹn lè mú ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, èyí tó ń wá irin lára èrò, dún lóòótọ́. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ irin inú egungun yàtọ̀ sí ọ̀bẹ. Nítorí náà, kí Màmá má dúró dìgbà tó bá dún. Bí wọ́n bá ti dé ìdí ẹ̀rọ, kí wọ́n fọwọ́ kan ìgbáròkó, kí wọ́n ní, "Ọmọ mi, irin iṣẹ́ abẹ wà níbí o." Òṣìṣẹ́ á pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ obìnrin, torí obìnrin ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan obìnrin. Ìyẹn á fi ẹ̀rọ ọwọ́ yí Màmá ká, á sì fi ọwọ́ tẹ ibi tó dún láti orí aṣọ. Bó bá ṣì ku ohun tó fẹ́ wò, Màmá lè ní kí wọ́n mú òun lọ sí yàrá kọ̀rọ̀, kí obìnrin òṣìṣẹ́ kejì sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi, ẹ̀tọ́ wọn ni. Gba ìwé ní ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà pẹ̀lú. Kò ní yọ wọ́n nínú àyẹ̀wò, àmọ́ á dín àlàyé kù.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí wọ́n tún ń fọwọ́ kan èèyàn lẹ́yìn ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Kérésìmesì 2009, Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, tó wọ bàálù ní Ìkẹjà, gba Amsterdam lọ sí Detroit pẹ̀lú ohun abúgbàù nínú pátá rẹ̀. Kì í ṣe irin, ẹ̀rọ tó ń wá irin kò sì lè rí i. Látìgbà náà ni àyẹ̀wò ti le sí i.

Ní ti gèlè, pínnì inú rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kí Màmá so ìborí fẹ́lẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà mìíràn, Màmá fúnra wọn ni wọn yóò fọwọ́ pa ìborí náà, tí òṣìṣẹ́ á fi aṣọ pélébé nu ọwọ́ wọn, á sì ki aṣọ pélébé náà sínú ẹ̀rọ tó ń wá àpá ohun abúgbàù. Ajílẹ̀ oko àti gílísárínì inú ìpara lè tan ẹ̀rọ yẹn jẹ. Bí Màmá bá ṣì ń lọ sóko, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn dáadáa kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n sì wọ aṣọ tí kò tíì dé oko rí.

Àgbo inú ìgò kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì ọwọ́ bí ìgò náà bá ju mílílítà 100 lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀, báàgì ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí rẹ̀.

Pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà ní ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, kí o bèèrè àga onítáyà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń tì í á wà pẹ̀lú Màmá títí dé ẹnu ọ̀nà bàálù.

Inú máa ń bí mi bí òṣìṣẹ́ bá jágbe mọ́ àgbàlagbà, tàbí tó ní "Màmá, ẹ ṣe wá lóore." Àyẹ̀wò kò ní owó. Kí Màmá má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwọ̀sí lọ̀ wọ́n, kí wọ́n ka orúkọ àyà rẹ̀, kí wọ́n ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, ìwọ kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ náà ránṣẹ́ sí FAAN, àjọ tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, tó ni àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ibẹ̀.