Ẹ Bi Wá Nípa Ìwé Kíkọ: Nígbà tí Òkìkí Òjijì Bá Dé Ìlú Kékeré

Ìwé ìtàn apanilẹ́rìn-ín tí ó dá lórí ìlú kékeré àti òkìkí òjijì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí ó dé láti Ìlọrin àti gúúsù Kúwárà ń béèrè nípa rẹ̀, nítorí náà òun nìkan ni a ó fi gbogbo ojú ìwé yìí sọ. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n pamọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìwé ìtàn nípa obìnrin oníwàrà kan ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán. Arìnrìn-àjò kan ya fídíò rẹ̀ níbi tí ó ti ń fi ẹnu dídùn sin gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ kan, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri. Mo fẹ́ kí ìwé náà pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, kí ó sì tu ọkàn wọn lára, ṣùgbọ́n àwọn tí mo kà á sí létí ní Ọ̀fà sọ pé ó dà bí ẹni pé mo ń fi ará oko ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ìyáàfin. Oore ni àwọn tí ó bá yín sọ òtítọ́ yìí ṣe yín, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Nínú orí kìíní tí ẹ fi mọ́ lẹ́tà yín, gbogbo ibi tí ẹ ti fẹ́ kí á rẹ́rìn-ín ni ó jẹ́ ibi tí Ìyá Oníwàrà kò ti mọ nǹkan kan: kò mọ bí a ṣe ń di fóònù mú, kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ TikTok, ó sì rò pé àwọn tí ó ń wo fídíò náà ń rí òun. Obìnrin tí ó ń ta ọjà lójú ọ̀nà yẹn lónìí ń fi fóònù gba owó, ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin lórí WhatsApp, kò sì sí oníbàárà tí ó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú tàn án jẹ pé òun ti sanwó. Ẹ̀rín tí a gbé ka àìmọ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò bá òtítọ́ mu, ohun tí ó sì ń dun àwọn ará Ọ̀fà nìyẹn.

Ohun tí ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ní ìlú kékeré ni pé wọ́n mọ ara wọn jù. Wọ́n mọ ilé tí a bí oníkálukú sí, wọ́n mọ ọdún tí baba rẹ̀ bá aládùúgbò jà nítorí ààlà ilẹ̀, wọ́n mọ iye àwìn tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì mọ ìdí tí kò fi ń gba iwájú ilé kan kọjá. Òkìkí òjijì wá kó àwọn àjèjì dé, àwọn tí ó rò pé àwọn mọ obìnrin yìí nítorí pé wọ́n ti wo ojú rẹ̀ nínú fóònù. Wọ́n fún un ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ládùúgbò, wọ́n sì ń fi orúkọ náà béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an, tí ó sì ń búra pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí ní ìlú àwọn. Ibi tí ìmọ̀ àwọn àlejò àti ìmọ̀ àwọn ará ilé ti ń forí gbárí ni kí ẹ ti máa wá ẹ̀rín, kò sì sí ẹni tí ìyẹn yóò tàbùkù.

Ẹ jẹ́ kí òkìkí náà di ti gbogbo ìlú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí ní tiwa. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tí kò kí i fún oṣù mẹ́ta yóò rántí pé ìyá àwọn àti ìyá rẹ̀ jọ ṣe aya ilé kan ni. Baálé yóò pe ìpàdé lórí ibi tí àwọn ọkọ̀ àlejò yóò máa dúró sí, ìpàdé náà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká nítorí àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tí ó wà ní Èkó yóò kọ̀wé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá oníròyìn sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ àwọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yóò pè é kí ó wá bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àṣekára. Gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe ohun tí ó tọ́ lójú ara wọn, kò sí ọ̀dájú kankan láàrin wọn, síbẹ̀ kò sí àyè mọ́ fún obìnrin náà láti jókòó ta wàrà.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí wàrà yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni mo rò pé ọkàn ìwé yín wà, ẹ kò sì tíì fọwọ́ kàn án. Ṣé òun ni ó ń ṣe wàrà náà fúnra rẹ̀, tàbí ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n ní màlúù? Bí ó bá ń rà á, a jẹ́ pé obìnrin Fúlàní kan wà tí ó ń gbé wàrà tútù kaná láàárọ̀, tí ó ń fi omi ewé bọmubọmu sí i kí ó lè dì, tí ó ń ṣọ́ iná rẹ̀, tí ó sì ń gbé e sínú ohun tí omi ara rẹ̀ yóò ti ro kúrò. Ẹni tí ó ń tà á ni òkìkí dé bá. Ẹni tí ó ń ṣe é kò sí nínú fídíò. Kí ni àwọn méjèèjì yóò sọ fún ara wọn ní ọjọ́ tí ọkọ̀ àlejò mẹ́wàá bá dúró lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn màlúù kò gbọ́ pé wàrà ti lókìkí. Wàrà tí wọ́n ń fún lára wọn kò ní pọ̀ sí i nítorí àwọn tí ó ń ti Ìlọrin bọ̀, bí ó bá sì jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ, ṣe ni yóò tún dín kù, tí àwọn darandaran yóò sì máa kó màlúù wọn jìnnà lọ wá koríko àti omi. Òkìkí ń pọ̀ sí i, ọjà ń dín kù: bí ẹ bá fi èyí ṣe ẹ̀yìn ìtàn yín, ẹ̀rín àti àánú yóò máa jáde láti ibì kan náà.

Ẹ tún wo oníbàárà tí ó jẹ gbèsè yẹn. Lẹ́yìn ojú ìwé kẹta, ẹ kò dárúkọ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun náà di olókìkí ní ọjọ́ kan náà, ajigbèsè wàrà ni gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́, àna rẹ̀ yóò pè é láti Èkó. Àjèjì aláàánú kan tilẹ̀ lè fi owó ránṣẹ́ láti fi san gbèsè náà, kí inú ọkùnrin náà sì bàjẹ́, nítorí pé àwìn tí wọ́n ti ń dá fún ọdún pípẹ́ yẹn ni ó fi ń rí ìdí dúró lọ́dọ̀ Ìyá Oníwàrà láràárọ̀, tí wọ́n fi ń béèrè àlàáfíà ara wọn. Ẹ kọ ibẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa, àwọn ará Ọ̀fà yẹn yóò ní kí ẹ tún un kà.

Ìbéèrè: Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ní Òkèlélé, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí ìtàn mi ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé Ìlọrin ti tóbi jù fún irú ìwé yìí, àti pé kò dára kí áàfáà wà nínú ìwé apanilẹ́rìn-ín. Kí ni èrò yín, ẹ̀yin àgbà?

Ìdáhùn: Ìlọrin tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n agboolé ni àwọn ènìyàn ń gbé níbẹ̀. Agboolé kan ní Òkèlélé, tí ó ní mágàjí tirẹ̀ tí ó jẹ́ olórí ilé, tí àwọn obìnrin rẹ̀ ń mọ ìkòkò, tí aya ilé tí ó ti pẹ́ àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jọ ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan náà, tó ìlú kékeré fún òǹkọ̀wé tí ó bá mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ẹ má ṣe jáde kúrò nínú agboolé yẹn fún orí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí òkìkí wá bá wọn nínú ilé.

Ní ti áàfáà, kò sí bí a ṣe lè kọ ìtàn àdúgbò kan ní Ìlọrin láìsí áàfáà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì yọ ọ́ kúrò ti yọ ìlú náà kúrò. Ìlú tí oríkì rẹ̀ sọ pé ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́. Ọ̀wọ̀ ẹ̀sìn ni kí ẹ má ṣe fọwọ́ kàn. Ìṣòro áàfáà gẹ́gẹ́ bí ènìyàn yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ fojú inú wo áàfáà olóòótọ́ kan tí ọmọ ilé wá bá ní òwúrọ̀ pé kí ó gbàdúrà kí òkìkí ìyá òun má ṣe kásẹ̀ nílẹ̀, tí ìyá náà fúnra rẹ̀ sì wá ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ní kí ó bá òun bẹ Ọlọ́run kí ariwo náà dáwọ́ dúró kí òun lè sùn. Kò lè tú àṣírí ẹnìkan fún ẹnì kejì, kò sì fẹ́ parọ́ fún Ẹlẹ́dàá. Òǹkàwé yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fẹ́ràn áàfáà náà sí i.

Bí ẹ bá ń wá ohùn tí ẹ ó fi sọ ìtàn náà, etí yín ti gbọ́ ọ láti kékeré. Nínú orin dàdàkúàdá, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, irú èyí tí olóògbé Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú kọ kí ó tó kú ní 1997, akọrin lè ki ènìyàn títí orí rẹ̀ yóò fi wú, kí ó sì gún un ní ọ̀rọ̀ nínú orin kan náà, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń kì náà yóò dìde lọ. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń ti oríkì bọ́ sí àwàdà, tí wọ́n sì tún ń padà, kí ẹ sì jẹ́ kí asọ̀tàn yín kọ́ ìrìn yẹn.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kọ irú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ fóònù àti fídíò, nítorí pé nǹkan ayé òde òní tètè ń di àtijọ́. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí ìlú kékeré lè fi lókìkí lójijì? Òró ni mo ti ń kọ̀wé yìí.

Ìdáhùn: Ẹ wo itòsí yín, ọ̀gbẹ́ni. Èsìẹ́ kò jìnnà sí yín. Ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ ju 1,000 lọ, àwọn ará ìlú mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn, kí òyìnbó kan tí ó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ tó wá rí wọn ní 1933, tí ìròyìn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ Ìgbómìnà. Ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà.

Ẹ má ṣe fi àwọn ère náà dáṣà. Ohun ọ̀wọ̀ ni wọ́n fún àwọn tí ó ni wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni bí nǹkan náà ṣe ṣẹlẹ̀. Ìlú kan ń bá ohun kan gbé láti ìran dé ìran, ó mọ ọjọ́ rẹ̀, ó mọ ohun tí a fi ń bọ ọ́, lẹ́yìn náà ni àjèjì kan dé tí ó la ẹnu sílẹ̀, tí àwọn onílé sì ń wo ẹnu rẹ̀ tí ó là sílẹ̀. Ẹ hùmọ̀ ohun mìíràn fún ìlú tiyín, kí ó kéré, kí ó má ṣe jẹ́ ti ẹ̀sìn: igi kan, ọbẹ̀ kan, àgbàlagbà kan tí ó máa ń ka iye ọkọ̀ ojú irin tí ó kọjá. Ẹ fi sí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó èrò gan-an ní Ọ̀fà, ẹ kò ní nílò fóònù kankan.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìlọrin. Ṣé dandan ni kí òkìkí náà parí nínú ìwé? Bí ó bá sì parí, báwo ni n kò ṣe ní jẹ́ kí ó di ìbànújẹ́?

Ìdáhùn: Ó gbọ́dọ̀ parí tàbí kí ó dín kù, nítorí pé òkìkí òjijì kì í pẹ́, àwọn òǹkàwé sì mọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fi ọjà ọrọọrún ka ọjọ́ ìtàn rẹ. Ìròyìn orí fóònù ń yí padà ní wákàtí sí wákàtí, ṣùgbọ́n ọjà ìlú kò ní tìtorí rẹ̀ pé ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ní ọjà àkọ́kọ́, èrò kò gbẹsẹ̀. Ní ọjà kejì, àwọn tí ó ń ta omi àti bísíkíìtì fún àwọn èrò ti pọ̀ ju àwọn èrò lọ. Ní ọjà kẹrin, àlejò kan ṣoṣo ni ó dé, ó sì rin ìrìn àjò láti ọ̀nà jíjìn, gbogbo ìlú sì ń ṣe aájò rẹ̀ débi pé kò ráyè lọ. Ìbànújẹ́ yóò wà tí o bá jẹ́ kí ìlú náà padà sí bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́, nítorí náà jẹ́ kí nǹkan kékeré kan ṣẹ́kù tí ó wúlò: ọ̀rọ̀ tí ó parí láàrin ẹni méjì tí wọ́n ti ń yan odì, tàbí ìbùjókòó tí wọ́n ṣe fún àlejò tí àwọn arúgbó ń lò báyìí.

Ìbéèrè: Àwàdà mi ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. — Òmù-Àrán.

Ìdáhùn: Lẹ́nu, ojú yín àti ọwọ́ yín ń bá yín ṣe é. Olóògbé Moses Ọláìyá, aláwàdà tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlà, kò tíì sọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn yóò fi máa rẹ́rìn-ín, nítorí awò ojú ńlá rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀. Ìwé kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, etí nìkan ni ó ní. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ tí ó ń pani lẹ́rìn-ín sí ìparí gbólóhùn, ẹ pa àlàyé tí ó tẹ̀ lé e rẹ́, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn kà á sókè níwájú yín, kí ẹ dákẹ́. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti ń kọsẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Bí wọ́n bá sì rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ kò retí, ẹ má ṣe pa ibẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó mọ ìdí rẹ̀.